A Gbé Wọn Dé Ninth Mile, A Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Wọ Enúgu

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, kì í sì í ṣe fún àwọn oníṣòwò nìkan ni wọ́n wí i. Ẹni tí ó gba ọ̀nà oko wọ ọjà àti ẹni tí ó gba ọ̀nà odò wọ̀ ọ́, ọjà kan náà ni wọ́n jọ ń ná. Ohun tí a ó fi mọ ẹni tí ó mọ ọjà í ná ni ohun tí ó rà bọ̀ nínú agbọ̀n rẹ̀, kì í ṣe eruku ọ̀nà tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ mú wá síwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn kan wà tí a sọ fún pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kò wọ ọjà, lẹ́yìn tí a ti gba owó ibodè lọ́wọ́ wọn tán.

Àwọn tí mò ń wí ni àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin láti òkèèrè: nípa ìwé tí a fi ránṣẹ́ sí wọn láyé àtijọ́, àti nípa ẹ̀rọ ayélujára lóde òní. Wọ́n ka ìwé, wọ́n ṣe ìdánwò, wọ́n gba dìgírì. Nígbà tí ó wá ku kí wọ́n wọ Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, níbi tí a ti ń sọ ẹni tí ó mọ òfin di agbẹjọ́rò, a ní kí wọ́n padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ Yorùbá ń lọ sí Enúgu yóò kọjá Bẹ́nì àti Asaba, yóò gba orí afárá Odò Ọya wọ Oníṣà, yóò sì máa lọ títí yóò fi dé oríta ńlá kan ní ilẹ̀ Ngwo, tí a ń pè ní Ninth Mile Corner. Orúkọ rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀: ibùsọ̀ mẹ́sàn-án ni a kà á sí láti Enúgu. Níbẹ̀ ni ọ̀nà Oníṣà àti ọ̀nà tí ó ti Nsukka àti Òkè Ọya wá ti pàdé. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ta ọkpa gbígbóná fún èrò ọkọ̀. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wọ ìlú Enúgu. Ẹ̀yìn Enúgu ni Agbani wà, ní Agbani sì ni ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin wà. Ọmọ Yorùbá tí a bá fi sí ẹ̀ka náà, oríta yìí ni yóò gbà kọjá, òun àti àpótí aṣọ dúdú àti funfun rẹ̀.

Ẹ wá fi ojú inú wo awakọ̀ kan tí ó gba owó Enúgu pé lọ́wọ́ èrò, tí ó gbé wọn dé Ninth Mile, tí ó sì ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ọ̀gá òun ní Enúgu kò fẹ́ èrò tí ó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì tí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Kí ni a ó pe irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀? Ohun tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní National Open University of Nigeria, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NOUN, gan-an nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ìtàn náà. Ní ọdún 1983, nígbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ni a fi òfin dá yunifásítì yìí sílẹ̀, kí ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ tàbí ilé rẹ̀ sílẹ̀ lè rí ìwé kà. Kò pé ọdún kan tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fi tì í pa, ní oṣù kẹrin ọdún 1984. Ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó jí i dìde lẹ́yìn ọdún 2000. Nígbà tí ó jí, ó fi ẹ̀kọ́ òfin kún àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni yunifásítì náà. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin. Ìjọba àpapọ̀ náà ni ó fi òfin ọdún 1962 gbé Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Òfin kalẹ̀, èyí tí ń ṣe àkóso Ilé-ẹ̀kọ́ náà. Baba kan náà ni ó bí gbogbo wọn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó gboyè òfin ní NOUN dé ẹnu-ọ̀nà, Ìgbìmọ̀ ní àwọn kò gbà wọ́n: òfin tí ó dá yunifásítì wọn sílẹ̀ mẹ́nu kan ẹ̀kọ́ ìfìwéránṣẹ́, àwọn kì í sì í gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi dúró lójú kan. Àwọn kan wà nínú wọn tí irun wọn ti ń funfun. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, Buhari kan náà tí ó ti yunifásítì pa ní 1984, tí ó ti wá di ààrẹ alágbádá, fi ọwọ́ sí àtúnṣe òfin NOUN, kí ó lè ní irú agbára tí àwọn yunifásítì yòókù ní. Lẹ́yìn èyí ni Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Òfin gbà pé kí àwọn tí ó ti gboyè wá ṣe ẹ̀kọ́ àfikún kí wọ́n tó wọ Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọpẹ́ dí wa lójú. Ohun tí a ṣe yìí, àánú ni, kì í ṣe ìlànà. A ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí ó ti sunkún pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà; a kò yí èrò wa padà pé ibi tí ènìyàn jókòó sí kàwé ni a ó fi mọ ohun tí ó wà lágbárí rẹ̀. Èrò yìí ni mo bá jà.

Ta ni àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ àtòkèèrè? Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní Ninth Mile tí a ń sọ yìí, ilé-iṣẹ́ ìpọntí ńlá ti Ama wà níbẹ̀ láti ọdún 2003. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ òru kàn níbẹ̀, báwo ni yóò ṣe jókòó nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀? Obìnrin tí ń ta ọjà tòun tọmọ lẹ́yìn, ọlọ́pàá tí a lè gbé kúrò ní Enúgu lọ sí Sókótó ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, akọ̀wé kọ́ọ̀tù tí ó ti fi ogún ọdún kọ ẹjọ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń rò sílẹ̀: ẹ̀kọ́ àtòkèèrè nìkan ni ó bá ìgbésí ayé wọn mu. NOUN tilẹ̀ ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Enúgu. Bí a bá ní kí gbogbo àwọn wọ̀nyí fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó lè kọ́ òfin, ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó gbọdọ̀ dé wíìgì.

Àwọn tí ó wà ní ìhà kejì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ó sì tọ́ kí a gbọ́ wọn. Wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ní iṣẹ́ agbẹjọ́rò kì í ṣe iṣẹ́ ìwé nìkan. Ìwà ni, ìṣesí ni, bí a ti ń dìde níwájú adájọ́ ni, bí a ti ń fi ọ̀wọ̀ bá ẹlẹgbẹ́ ẹni jiyàn ni. Wọ́n ní ẹni tí ó dá jókòó ti ẹ̀rọ nínú iyàrá kò lè kọ́ nǹkan wọ̀nyí. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n kí ni a dá Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin sílẹ̀ fún? Kí ọdún 1962 tó dé, Ìlú Ọba ni àwọn agbẹjọ́rò wa ti ń kọ́ iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 1959, ìgbìmọ̀ tí Unsworth ṣe alága rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé ẹni tí ó ti Ìlú Ọba dé lè mọ òfin Gẹ̀ẹ́sì ní àmọ̀dunjú kí ó má mọ bí a ti ń ṣe ẹjọ́ ní ilé. Ìdí nìyí tí a fi pín iṣẹ́ náà sí méjì: kí yunifásítì kọ́ni ní ìmọ̀ òfin, kí Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin sì kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá àwọn àgbà iṣẹ́ jẹun alẹ́ pọ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti ń rán wọn lọ sí kọ́ọ̀tù àti sí ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò láti lọ wo bí iṣẹ́ ti rí. Bí ó bá wá jẹ́ pé ìwà àti ìṣesí ni ó kù fún ẹni tí ó kọ́ òfin láti òkèèrè, ibi tí yóò ti kọ́ ọ gan-an ni a tì mọ́ ọn lójú. Ta ni ó ń sọ fún aláìsàn pé kò gbọdọ̀ wọ ilé ìwòsàn nítorí pé ara rẹ̀ kò yá?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ìbá pa ni lẹ́rìn-ín, bí kì í bá ṣe pé ó ní ikú nínú. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà lé gbogbo ayé mọ́lé, àwọn kọ́ọ̀tù wa gbé ẹjọ́ lọ sórí ẹ̀rọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ọdún náà, adájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà ti ìdí ẹ̀rọ Zoom dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin kan. Ibì kan ni adájọ́ wà, ibòmíràn ni àwọn agbẹjọ́rò wà, ibòmíràn ni ẹlẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ wà. Ní oṣù keje ọdún kan náà, ìjọba Èkó àti ti Èkìtì gbé ọ̀rọ̀ jíjókòó kọ́ọ̀tù lórí ẹ̀rọ lọ síwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ilé-ẹjọ́ náà kò sì sọ pé ó lòdì sí òfin. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi rò ó. A lè ti orí ẹ̀rọ gba ẹ̀mí ènìyàn, ṣùgbọ́n a kò lè ti orí ẹ̀rọ kọ́ òfin tí a fi gbà á. Bí ẹ̀rọ kò bá tó láti fi kọ́ni, báwo ni ó ṣe tó láti fi dáni lẹ́jọ́ ikú?

Bí a bá sì yí ojú padà wo ẹ̀yìn, a ó rí i pé ìran wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ara rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di agbẹjọ́rò ní Ìlú Ọba, ní ọdún 1879. Ṣùgbọ́n ní Èkó ìgbà náà, nítorí pé agbẹjọ́rò kò tó, kọ́ọ̀tù ń gba àwọn akọ̀wé tí ó ti fi ara wọn kọ́ òfin láyè láti gba ẹjọ́ rò. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ń fún àwọn tí kò dé ọgbà rẹ̀ ní dìgírì láti ọdún 1858. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ó ti wọ Wesley College ní Ìbàdàn láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́ bí tiwa yìí, gbà fi gba dìgírì rẹ̀ nínú ìmọ̀ òwò ní ọdún 1944, kí ó tó lọ sí Ìlú Ọba lọ kọ́ òfin, tí ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Ta ni ó jẹ́ sọ pé dìgírì àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe dìgírì?

Ẹ jẹ́ kí a rìn dé Gúúsù Áfíríkà. Láti ọdún 1946 ni yunifásítì tí a ń pè ní UNISA ti ń fi ìwé kọ́ni láti òkèèrè, àwọn tí ó sì kọ́ òfin níbẹ̀ ń di agbẹjọ́rò àti adájọ́ ní ilẹ̀ náà. Nelson Mandela ti ń ṣe agbẹjọ́rò láti ọdún 1952, ṣùgbọ́n inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà ní 1989 nígbà tí ó parí dìgírì òfin rẹ̀ pẹ̀lú UNISA. Ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ó kọ́ òfin nípa ìfìwéránṣẹ́ tàbí lórí ẹ̀rọ lè jókòó fún ìdánwò àwọn agbẹjọ́rò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní, a ó kọ́kọ́ dán wọn wò, kí ẹni tí kò lè ṣe é lè tètè mọ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ní Amẹ́ríkà kò fara mọ́ èyí, mo sì mọ̀ pé Íńdíà kò gba òfin àtòkèèrè fún iṣẹ́ agbẹjọ́rò. N kò sọ pé gbogbo ayé fi ohùn ṣọ̀kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tí ó gbà á kò gbà á lọ́fẹ̀ẹ́: ìdánwò ni wọ́n fi ṣe asẹ́. Asẹ́ a máa yọ ìdọ̀tí kúrò nínú elùbọ́. Kì í béèrè oko tí iṣu ti wá.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. A dá National Teachers' Institute ti Kàdúná sílẹ̀ ní ọdún 1976. Láti ọdún 1990 ni ó ti ń fi ẹ̀kọ́ àtòkèèrè kọ́ àwọn olùkọ́ láti gba NCE, ìwé-ẹ̀rí kan náà tí àwa ń fi ọdún mẹ́ta wá ní ọgbà yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìlú àti ní abúlé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n wà níwájú pátákó, ní òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń jókòó ti ìwé. A kò lé wọn jáde kúrò nínú iṣẹ́. Ọ̀nà ni a fi yẹ wọ́n wò: a rán wọn lọ kọ́ni níṣojú olùyẹ̀wò, a sì wò ó bóyá ọmọ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Bí iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ń mọ ọmọ ènìyàn láti kékeré, bá lè gba ẹni tí ó kọ́ ọ láti òkèèrè lẹ́yìn tí a ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ni ó wà lára iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí kò lè gbà á?

Wọ́n tún ní màgòmágó pọ̀ nínú ìdánwò àwọn tí kò sí lójú ẹni. Èmi kò mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ògiri rẹ̀ lé màgòmágó jìnnà. Ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ọmọ NOUN ti ń ṣe ìdánwò wọn, lábẹ́ ojú olùṣọ́. Bí olùṣọ́ bá ń sùn, ẹ jí i. Wọ́n tún ní agbẹjọ́rò ti pọ̀ jù, pé ààyè tí Ìgbìmọ̀ ń pín fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan kò tó wọn pín. Bí ààyè kò bá tó, kí a fi fún àwọn tí ó mọ̀ jù. Bí ọmọ tí ó jókòó ní kíláàsì fún ọdún márùn-ún bá gba ogójì, tí òṣìṣẹ́ tí ó kàwé lóru gba ọgọ́rin, ta ni ó yẹ kí ó dúró sẹ́yìn?

Ṣùgbọ́n bí mo ti ń bá àwọn tí ó tilẹ̀kùn wí, n kò ní ṣàì bá àwọn tí ń ta ìwé ìrìnnà wí. Yálà yunifásítì nílé ni o tàbí ti òkè òkun tí ń polówó ẹ̀kọ́ òfin lórí ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá gba owó lọ́wọ́ ọmọ tálákà láìsọ fún un pé dìgírì náà lè má mú un dé Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin, ó jalè. N kò sọ pé dìgírì bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún nǹkan mìíràn. Olùkọ́ tí ó bá mọ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 yóò mọ ibi tí pàṣán òun gbọdọ̀ dé dúró. Ọlọ́pàá tí ó bá mọ òfin kò ní máa ti aláìṣẹ̀ mọ́lé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yóò mọ bí a ti ń kọ ìwé ilẹ̀. Ìmọ̀ kì í ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó san owó wíìgì tí a fún ní fìlà, ẹ má ṣe sọ fún un pé fìlà náà lẹ́wà.

Kí ni kí a ṣe? Ìkínní, kí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Òfin gbé ìdánwò kan kalẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ wọ Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin, ìbáà jẹ́ inú ọgbà ni ó ti kàwé, ìbáà jẹ́ ìdí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá yege, kí ó wọlé. Ẹni tí kò bá yege, kí ó lọ tún ìwé rẹ̀ kà. Ìkejì, kí a dán akẹ́kọ̀ọ́ òfin àtòkèèrè wò ní òpin ọdún kìn-ín-ní, kí a sì máa pè é wá sójú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọọdún láti kọ́ bí a ti ń rojọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọdún márùn-ún ṣòfò. Ìkẹta, kí a fi dandan lé e pé kí ìwé ìgbaniwọlé yunifásítì sọ ọ́ ní gbangba bóyá dìgírì náà yóò mú ènìyàn dé Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin tàbí kò ní mú un dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, lọ́la ni a ó di olùkọ́, àwa ni àwọn ọmọ yóò sì máa bi léèrè ọ̀nà. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ṣìnà. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa béèrè ibi tí ìwé yóò gbé wọn dé kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan. Ní ti àwọn tí ó wà ní ẹnu-bodè, iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n yẹ ẹrù wò. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá pé, kí wọ́n jẹ́ kí ó kọjá.